PỌ́ǸPÙ ŃLÁ LÁRA ÒGBÓLÓGBÒÓ KATAKATA: ORÍ TA NI ẸRÙ RẸ̀ MÁA WÓ LÉ?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa ní Ẹ̀rìn-Ilé, ní Ọ̀fà àti ní gbogbo agbègbè Ọ̀yun, ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń dúró ti ẹ̀rọ, ẹ̀yin alágbàrù, ẹ̀yin mẹkáníìkì àti ẹ̀yin wẹ́dà, owó oṣù kò tó ná mọ́, ọjà sì ń lé sí i lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ irin àti epo la mú wá lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá pé kò kan òun. Ó kan ẹni tó ń gbé ẹrù, ó kan ẹni tó ń wa típà, ó sì kan ìyàwó àti ọmọ tó ń retí kí bàbá wọn padà sílé pẹ̀lú ìka mẹ́wàá.

Ilé iṣẹ́ kan wà ní agbègbè yìí, a kò ní dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí. Wọ́n ní katakata kékeré kan tó ti pẹ́ láyé; tòkunbọ̀ ni nígbà tí wọ́n rà á. Ó ní apá ìkẹ́rù níwájú, òun ni wọ́n fi ń kó yẹ̀pẹ̀, igi àti àpò nínú àgbàlá. Apá náà ti ń lọ́ra láti gòkè. Ìmọ̀ràn tí àwọn ọ̀gá gbà ni pé kí wọ́n tú pọ́ǹpù háídírọ́líìkì ara rẹ̀ dànù, kí wọ́n fi èyí tó tóbi ní ìlọ́po méjì rọ́pò. Wọ́n ti ra pọ́ǹpù náà. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti dè é tán, katakata kékeré yóò máa ṣe iṣẹ́ lódà ńlá, àti pé méjì nínú àwọn alágbàrù márùn-ún tó wà ní àgbàlá kò ní níṣẹ́ mọ́.

Wọn kò bi ẹni tó ń wa katakata náà léèrè. Wọn kò bi mẹkáníìkì tó ń dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Wọn kò pe aṣojú òṣìṣẹ́. Ẹni tó ta pọ́ǹpù fún wọn nìkan ni wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ṣé ẹni tó ń ta ọjà ni yóò sọ fún oníbàárà pé ọjà òun kọ́ ni ìṣòro rẹ̀ ń fẹ́?

Ìdí nìyí tí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa fi sọ̀rọ̀. A ní ètò tí wọ́n ń ṣe yìí kò dára fún ẹ̀rọ, kò dára fún àpò ilé iṣẹ́, ó sì léwu fún òṣìṣẹ́. A ó fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀.

KÍ NI PỌ́ǸPÙ Ń ṢE GAN-AN?

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀ bí a ṣe ń ṣàlàyé fún ọmọ iṣẹ́. Ẹ́ńjìnì ló ń yí pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù ń fa epo láti inú táǹkì, ó ń tì í gba inú họ́ọ̀sì lọ sínú sìlíńdà. Epo kò ṣe é fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Nítorí náà, bó ti ń wọlé ló ń ti písítìnì jáde, tí apá katakata sì ń gòkè. Kì í ṣe ìmọ̀ àná. Ọdún 1795 ni Joseph Bramah gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀ tó ń fi omi inú páìpù ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀ tí àwọn ọ̀gá yìí dà pọ̀ mọ́ra wọn. Èkíní ni iye lítà epo tí pọ́ǹpù ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kan. Èyí ló ń sọ bí apá yóò ṣe yára tó. Èkejì ni ipá tí epo náà fi ń tẹ̀, èyí tí à ń kà ní báà lórí géèjì. Ipá yìí àti fífẹ̀ písítìnì ló ń sọ bí ẹrù tí apá lè gbé ṣe lè wúwo tó. Pọ́ǹpù ń ti epo ni, ẹrù ló ń pe ipá jáde. Bí ipá bá sì ti dé ojú àlà, rìlíìfù fáàfù yóò ṣí, yóò tú epo padà sínú táǹkì, kí nǹkan má baà bẹ́.

Ẹni tó bá fi pọ́ǹpù ńlá rọ́pò kékeré, tí rìlíìfù fáàfù sì wà bó ṣe wà, apá rẹ̀ yóò yára. Ṣùgbọ́n kílò kan kò ní kún ohun tí apá náà lè gbé. Katakata kékeré kò ní di lódà ńlá nítorí pé a yí pọ́ǹpù rẹ̀ padà.

Ẹ MÚ BÍRÒ, KÍ A ṢÍRÒ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ

Ká ní sìlíńdà méjì ló ń gbé apá, tí fífẹ̀ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, tí písítìnì sì ń rin sẹ̀ǹtímítà 30. Epo tí yóò kún sìlíńdà kan tó nǹkan bí 0.59 lítà, ti méjèèjì jẹ́ 1.18 lítà. Pọ́ǹpù tó bá ń ti 20 lítà jáde ní ìṣẹ́jú kan yóò kún wọn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3.5. Pọ́ǹpù tó bá ń ti 40 lítà yóò kún wọn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1.8. Èrè tí wọ́n jẹ kò pé ìṣẹ́jú àáyá méjì nígbà kọ̀ọ̀kan tí apá bá gòkè. Bí apá bá gòkè nígbà 200 láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àpapọ̀ gbogbo àkókò tí wọ́n rí jèrè kò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà! Ọ̀gá tó bá ń bá àlejò sọ̀rọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ń lò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí ìṣẹ́jú mẹ́fà ni wọ́n ṣe fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu òṣìṣẹ́ méjì tó ní ìdílé.

Ẹ wo ti agbára náà. Ní 150 báà, sìlíńdà kan tí a sọ yìí ń tì pẹ̀lú ipá tó tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Pẹ̀lú pọ́ǹpù kékeré, tọ́ọ̀nù mẹ́ta ni. Pẹ̀lú pọ́ǹpù ńlá, tọ́ọ̀nù mẹ́ta náà ni.

Níbo sì ni agbára tí yóò yí pọ́ǹpù ńlá yìí ti máa wá? Láti ara ẹ́ńjìnì kan náà ni. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi iye lítà ní ìṣẹ́jú kan sọ iye báà di púpọ̀, kí ẹ fi 600 pín in, ẹ ó rí iye kílówáàtì. Lítà 20 ní 150 báà ń jẹ kílówáàtì 5, ìyẹn agbára tó sún mọ́ ẹṣin 7. Lítà 40 ní 150 báà ń jẹ kílówáàtì 10, ìyẹn ju agbára ẹṣin 13 lọ, ká má tíì ka èyí tó ń ṣòfò sínú ooru. Katakata kékeré tó bá ní agbára ẹṣin 20 nígbà tó jáde tuntun, mélòó ló kù sí i lára lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún? Bí pọ́ǹpù bá gba 13, kí ni yóò kù fún táyà láti fi gun òkè? Ẹ́ńjìnì yóò máa rú èéfín dúdú, yóò máa kú sábẹ́ ẹrù, wọn yóò sì ní awakọ̀ kò mọ ọkọ̀ wà.

Ọ̀fà tó wà nítòsí wa yìí, ìjàkadì ni a mọ̀ ọ́n mọ́. Kò sí ọmọdé tó dàgbà ní agbègbè yìí tí kò mọ̀ pé apá nìkan kọ́ ni a fi ń ja ìjàkadì. Ẹni tí apá rẹ̀ le, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀.

A KÌ Í FI Ẹ̀TẸ̀ SÍLẸ̀ PA LÀPÁLÀPÁ

Kí ló fà á tí apá katakata náà fi ń lọ́ra? Ẹnikẹ́ni kò wò ó. Mẹkáníìkì gidi kì í yọ pọ́ǹpù kó tó mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ. Fíltà lè dí. Epo lè dín nínú táǹkì. Wọ́n lè ti bu epo tí kì í ṣe irú tirẹ̀ sí i, èyí tó bá ṣàn jù tàbí tó ki jù. Họ́ọ̀sì tí pọ́ǹpù fi ń fa epo lè ti rọ̀ nínú, kó máa pa ara rẹ̀ dé, tàbí kó máa fa afẹ́fẹ́ wọlé ní ibi ìdè. Síìlì inú sìlíńdà lè ti jẹ, kí epo máa gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì kọjá. Rìlíìfù fáàfù lè máa ṣí kó tó dé ojú àlà nítorí ìdọ̀tí tó há sí i lẹ́nu. Àní pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ lè ti gbó, kó máa ti ìdajì ohun tó yẹ kó tì.

Bí ó bá jẹ́ síìlì sìlíńdà ló jẹ, pọ́ǹpù tuntun yóò kàn máa ti epo púpọ̀ gba ibi tó ti ń jò ni. Bí ó bá jẹ́ epo ló dọ̀tí, ìdọ̀tí kan náà ni yóò ha pọ́ǹpù tuntun nínú, kó tó pẹ́ kó tó jìnnà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Massey Ferguson 135 ẹ mọ ohun tí a ń wí. Epo kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún gíà, fún ẹ̀yìn ọkọ̀ àti fún háídírọ́líìkì. Bí omi bá wọ̀ ọ́, epo náà á funfun bí omi ògì. Bí èèyàn bá de apá ìkẹ́rù mọ́ ọn láìfi epo kún un, ìgbà tí sìlíńdà bá fa epo sára ni gíà yóò máa gbẹ. Ọ̀pọ̀ katakata ìjọba ni ó dúró sínú koríko nítorí irú nǹkan kékeré báyìí, tí àwọn èèyàn wá ń sọ pé katakata kò bá ilẹ̀ wa mu.

Géèjì ìwọ̀n ipá, fíltà tuntun, epo tó yẹ àti síìlì méjì: gbogbo èyí pọ̀ kò tó owó pọ́ǹpù tí wọ́n rà.

OHUN TÓ WÀ LẸ́YÌN Ẹ̀FÀ JU ÈJE LỌ

Ká tiẹ̀ gbà pé pọ́ǹpù ńlá ni katakata náà ń fẹ́. Pọ́ǹpù kì í dá wọlé. Ó máa ń mú àwọn ẹbí rẹ̀ dání.

Páìpù àti họ́ọ̀sì tí a fi ń fa epo gbọ́dọ̀ fẹ̀ sí i. Bí wọn kò bá fẹ̀, pọ́ǹpù yóò máa fa, epo kò ní tètè dé, àwọ̀n ìhó kékeré yóò dìde nínú epo, wọn yóò sì máa bẹ́ lára irin. Ẹ ó gbọ́ ariwo bí ẹni pé òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú pọ́ǹpù. Láìpẹ́ irin yóò di ihò wẹ́wẹ́. Táǹkì epo gbọ́dọ̀ tóbi sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ epo yóò gbóná, epo tó bá gbóná jù a ṣàn bí omi, síìlì a sì le gbagidi. Fáàfù ìdarí gbọ́dọ̀ lè gba iye epo tuntun náà kọjá. Fíltà gbọ́dọ̀ tó o. Ìdè tí pọ́ǹpù fi so mọ́ ẹ́ńjìnì, àti irin tó ń yí i, gbọ́dọ̀ lè ru ẹrù náà. Bí pọ́ǹpù kan náà bá ló tún ń ran sítẹ́rìn lọ́wọ́, a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ìyípadà náà yóò ṣe sí ọwọ́ awakọ̀.

Èwo nínú ìwọ̀nyí ni wọ́n rà? Pọ́ǹpù nìkan ni. Wọ́n ní kí wẹ́dà ge irin pẹlẹbẹ kan fi de é.

Ìgbà tí wọ́n bá wá rí i pé pọ́ǹpù kò jẹ́ kí apá gbé ẹrù tó wúwo sí i, àwa mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Wọn yóò ní kí mẹkáníìkì fún rìlíìfù fáàfù le. Ibẹ̀ ni ikú wà. Láti 150 báà sí 200 báà, sìlíńdà tó ń ti tọ́ọ̀nù mẹ́ta yóò di tọ́ọ̀nù mẹ́rin. Ta ló sọ fún wọn pé pín-ìn-nì, irin apá àti họ́ọ̀sì ògbólógbòó yóò gba tọ́ọ̀nù mẹ́rin? Ẹrù tó wà lórí apá níwájú, gbogbo rẹ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ń bọ́ sórí táyà iwájú, nítorí bó ti ń tẹ iwájú mọ́lẹ̀ ló ń gbé ẹ̀yìn sókè. Bí ẹ̀yìn bá fúyẹ́, bíréèkì tó wà ní táyà ẹ̀yìn kò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Kí katakata yà sí ẹ̀gbẹ́ lórí ilẹ̀ tó dagun pẹ̀lú apá lókè, ó ti dojú dé nìyẹn. Katakata àtijọ́ púpọ̀ kò sì ní irin ìdáàbòbò lórí awakọ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

ÌTÀN TÍ GBOGBO MANÍJÀ YẸ KÍ WỌ́N MỌ̀

Kí ló tilẹ̀ gbé háídírọ́líìkì dé ara katakata? Lẹ́yìn ọdún 1917 tí Henry Ford bẹ̀rẹ̀ sí ṣe katakata Fordson lọ́pọ̀ yanturu, àwọn àgbẹ̀ rà á káàkiri. Àléébù kan wà níbẹ̀. Bí irin ìtúlẹ̀ bá kọ́ òkúta tàbí gbòǹgbò, táyà ẹ̀yìn dúró, ẹ́ńjìnì kò dúró, iwájú katakata a dìde nílẹ̀, a sì dojú dé awakọ̀. Awakọ̀ púpọ̀ bá a lọ.

Harry Ferguson, ọmọ ilẹ̀ Áílándì tí a bí ní 1884, ló rí ọ̀nà àbáyọ. Ó fi apá mẹ́ta so irin ìtúlẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn katakata, ó sì fi háídírọ́líìkì darí rẹ̀, débi pé ìwúwo iṣẹ́ ń tẹ katakata mọ́lẹ̀ dípò kó gbé e ṣubú. Katakata kékeré wá lè ṣe iṣẹ́ ńlá, awakọ̀ sì ń padà sílé láàyè. Ní 1939 katakata Ford-Ferguson 9N jáde ní Amẹ́ríkà. Ní 1946 TE20 bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní Coventry, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìran rẹ̀ ni Massey Ferguson 135 tó jáde ní 1964, tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi kọ́ iṣẹ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìtàn yìí ń sọ. Ọgbọ́n tí wọ́n fi kọ́ katakata náà ni ó jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ ju ara rẹ̀ lọ, ọgbọ́n náà sì ka ẹ̀mí awakọ̀ sí. Ẹni tó bá wá mú háídírọ́líìkì tó sì fi ń wá ọ̀nà tí katakata yóò fi dojú dé èèyàn, ó ti yí iṣẹ́ Ferguson padà sẹ́yìn.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú rẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ní 1938, Ferguson àti Henry Ford bọ ara wọn lọ́wọ́, wọn kò kọ ìwé àdéhùn. Nígbà tí ọmọ ọmọ Ford dé orí àga, ó já àdéhùn náà. Ferguson gbé wọn lọ sí kóòtù ní 1948, ó di 1952 kí wọ́n tó yanjú rẹ̀, tí wọ́n san dọ́là mílíọ̀nù 9.25 fún un. Olówó bíi Ferguson ló ṣe ẹjọ́ ọdún mẹ́rin nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìwọ alágbàrù tí maníjà pa ẹnu fún pé "ẹ má dààmú, kò sí ẹni tí a máa lé," ta ni yóò bá ọ ṣe ẹjọ́ ọdún mẹ́rin? Ìwé ni kí a gbà, kí a tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ̀YIN AWAKỌ̀ TÍPÀ, TIYÍN NÁÀ NÌYÍ

Ohun tó wà lára katakata ló wà lára típà. Pọ́ǹpù kan náà, epo kan náà, họ́ọ̀sì kan náà. Ó dùn wá pé àwọn awakọ̀ ṣì ń yọ orí sábẹ́ bọ́dì típà tó wà lókè láìfi irin tì í. Epo inú họ́ọ̀sì nìkan ló gbé bọ́dì náà dúró. Bí họ́ọ̀sì bá bẹ́, bọ́dì kò ní pe orúkọ rẹ kó tó sọ̀kalẹ̀. Bákan náà ni apá katakata. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ ti ọ̀pá ìdarí síwá sẹ́yìn kí ipá inú họ́ọ̀sì tú dànù, kí ẹ tó fi sípánà kàn án. Ẹ sì wo òkè kí ẹ tó gbé bọ́dì típà sókè, kó má baà lọ kan wáyà iná.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ kò mọ̀. Epo tó ń jò láti ihò tó tín-ín-rín bí ojú abẹ́rẹ́, tó sì wà lábẹ́ ipá ńlá, lè gún awọ ara wọlé. A kò ní rí ju ojú abẹ́rẹ́ kan lọ, ó sì lè má dun èèyàn lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ọwọ́ a wú, ẹran inú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí kú, ó sì lè di pé wọ́n gé ìka tàbí ọwọ́. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ wá ibi tí epo ti ń jò. Páálí tàbí pátákó pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi wá a, kí ẹ sì bo ojú yín. Bí epo bá gún ẹnikẹ́ni, ẹ má fi àgbo tàbí róbù pa á. Ilé ìwòsàn tó ní dókítà oníṣẹ́ abẹ ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì sọ pé epo háídírọ́líìkì ló wọlé sí i lára.

WỌ́N NÍ ẸGBẸ́ LÒDÌ SÍ ÌLỌSÍWÁJÚ

A ti gbọ́ èsì wọn kí wọ́n tó la ẹnu. Wọ́n ní lódà tuntun wọ́n, náírà ti ja wálẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n máa rí owó rẹ̀, pọ́ǹpù yìí ni agbára àwọn ká. Òótọ́ ni pé lódà tuntun wọ́n. Àwa náà ń lọ sí ọjà, a mọ bí náírà ṣe rí. Ìdí yẹn gan-an ni kò fi yẹ kí a da owó sí orí ohun tí a kò yẹ̀ wò. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó kì í ra oògùn kó tó mọ àìsàn.

Wọ́n tún ní àwọn alágbàrù ń bẹ̀rù ẹ̀rọ. Irọ́ ni. Alágbàrù tó ti fi ọrùn gbé àpò fún ogún ọdún, ta ló fẹ́ kí ẹ̀rọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tó o? Ohun tó ń bẹ̀rù ni ebi. Bí ẹ̀rọ bá mú iṣẹ́ rọrùn, kí ìrọ̀rùn náà kan òun pẹ̀lú. Kí wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ míràn nínú àgbàlá náà. Ẹ̀rọ tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ló ń gba ewu rẹ̀, tí ọ̀gá nìkan sì ń gba èrè rẹ̀, a kò lè pè é ní ìlọsíwájú.

Bí wọ́n bá sì nílò ọlọ́gbọ́n, kò jìnnà. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, tí à ń pè ní NCAM, wà ní Ìdófìàn níbí ní Kwárà, lójú ọ̀nà Ìlọrin sí Lọ́kọ́ja. Yíyẹ ẹ̀rọ oko wò jẹ́ ara iṣẹ́ tí ìjọba gbé e kalẹ̀ fún. Kí ló dé tí ẹni tó ń gbé Ẹ̀rìn-Ilé yóò fi máa gba ìmọ̀ràn ẹ̀rọ lẹ́nu ẹni tó ń ta pọ́ǹpù?

Ọ̀rọ̀ yìí tún kọjá àgbàlá kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Tinubu ṣí ètò katakata 2,000 tí wọ́n kó wá láti Belarus. A yọ̀ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n katakata tuntun lónìí ni ògbólógbòó lọ́la. Bí a kò bá kọ́ àwọn tó ń wà á àti àwọn tó ń tún un ṣe, bí a kò bá pèsè fíltà, síìlì àti epo tó yẹ, inú koríko kan náà tí àwọn ti ìṣáájú wà ni wọn yóò bá ara wọn.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Òfin Ilé Iṣẹ́ tó jáde ní 1987, tó wà nínú àkójọ òfin ilẹ̀ yìí ti 2004, kò gbà kí a fi ẹni tí a kò kọ́ sí ìdí ẹ̀rọ tó léwu. Òfin Owó Ìtánràn Òṣìṣẹ́ ti 2010 ní agbanisíṣẹ́ ni yóò máa san owó sínú àpò tí NSITF ń tọ́jú, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá fara pa níbi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14. Agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ gbé ìròyìn náà lọ láàárín ọjọ́ 7. Ẹ jẹ́ kí ó wà ní àkọsílẹ̀, kí ẹ sì pa ẹ̀dà kan mọ́.

Ní 1994, Nàìjíríà fọwọ́ sí Àdéhùn 155 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Geneva ní 1981. Àdéhùn náà ní kí a dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá kúrò nídìí iṣẹ́ tó ní ìdí gúnmọ́ láti gbà pé ó fẹ́ gba ẹ̀mí òun tàbí ṣe òun ní jàǹbá ńlá. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Kì í ṣe ìwọ̀sí sí ọ̀gá.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

1. Kí ẹnikẹ́ni má de pọ́ǹpù ńlá náà títí a ó fi yẹ katakata wò. Kí a fi géèjì wọn ipá epo, kí a sì wọn iye epo tí pọ́ǹpù àtijọ́ ń tì, níṣojú awakọ̀, mẹkáníìkì àti aṣojú òṣìṣẹ́.

2. Kí a kọ́kọ́ pààrọ̀ fíltà, epo àti síìlì tó bá jẹ, kí a tó sọ̀rọ̀ pọ́ǹpù.

3. Bí pọ́ǹpù ńlá bá tún pọn dandan lẹ́yìn èyí, kí wọ́n ṣe é pátápátá: họ́ọ̀sì ìfà, táǹkì, fáàfù, fíltà àti ìdè tó bá a mu. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni kó ṣe é.

4. Kí rìlíìfù fáàfù wà ní ojú ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe katakata fi sí i. Kí a lẹ̀ ẹ́ pa, kí mẹkáníìkì má baà di ẹni tí wọ́n fipá mú.

5. Kí a kọ iye ẹrù tí apá lè gbé sí ara rẹ̀ gàdàgbà ní Yorùbá, kí a sì so ìwúwo mọ́ ẹ̀yìn katakata bó ṣe yẹ.

6. Kí a kọ́ awakọ̀, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ tó bá iṣẹ́ náà mu. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ awakọ̀ lódà kò gbọdọ̀ máa gba owó alágbàrù.

7. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí a tọwọ́ bọ̀ ọ́ ní tọ̀tún tòsì, pé òṣìṣẹ́ kankan kò ní pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nítorí ìyípadà yìí.

Kò sí ọ̀kan nínú méjèèje tó kọjá agbára ilé iṣẹ́ náà. Méjì àkọ́kọ́ kò tiẹ̀ ju iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ.

Ẹ̀yin ará, ẹ sọ èyí fún ẹni tí kò lè kàwé. Ẹ kà á sétí àwọn tó wà ní gáréèjì àti àwọn tó wà nínú àgbàlá nígbà ìsinmi ọ̀sán. Bí wọ́n bá pe mẹkáníìkì kan sí kọ̀rọ̀ pé kó fún fáàfù le, kí ó má dá a gbọ́. Kí ó wá pe aṣojú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí awakọ̀ kan gun katakata náà láìyẹ̀ ẹ́ wò, kí gbogbo wa bá a sọ pé rárá. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lè halẹ̀ mọ́, wọn kò lè halẹ̀ mọ́ gbogbo àgbàlá.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ wá sí ìpàdé ẹ̀ka, kí ẹ mú káàdì yín dání, kí ẹ mú ọ̀rẹ́ tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ dání pẹ̀lú.

Kí ẹ̀rọ pẹ́, kí òṣìṣẹ́ pẹ́ jù ú lọ.